Ẹ́ńjìnnì Méjì Tí Wọn Ò Tọ̀ Mọ́

Ìwọ tí o ń ka èyí, gbọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọ sínú ọkọ̀ ojú omi, tí o sì rí i pé ẹni tó ń tukọ̀ ń wo ẹ̀yìn ju bó ṣe ń wo iwájú lọ, sọ̀kalẹ̀. Má bèèrè ìdí. Má sọ pé bóyá ẹyẹ ló ń wò. Sọ̀kalẹ̀ nígbà tí omi ṣì mọ ní orúnkún.

Matar ará Kumzar ń wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ so yìgì Kulthum, ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní èbúté Khasab ló ti ń yí ọrùn. Kì í ṣe ẹyẹ ló ń wò. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì tó wà ní ìdí ọkọ̀ ló ń wò, àgàgà ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tí omi tó tu ẹ́ńjìnnì lára máa ń gbà tú jáde. Àwọn apẹja Kumzar ò ní orúkọ ńlá fún un. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ń tọ̀. Bó bá ń tọ̀ dáadáa, ara rẹ̀ le nìyẹn. Bí kò bá tọ̀, á gbóná, á sì figbe ta.

Ti ọwọ́ òsì ń tọ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ń kán tó, tó, tó, bíi ti arúgbó.

Mẹ́rin ni wọ́n nínú ọkọ̀. Matar fúnra rẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, tó ti ń bẹ̀rù òkun láti kékeré, bẹ́ẹ̀ Kumzar ò sì ní ọ̀nà mìíràn: òkè ló wà lẹ́yìn, omi ló wà níwájú. Rashud, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àáfà Hazza tó máa so yìgì. Ó gbọ́dọ̀ padà sí Khasab lọ́jọ́ náà gan-an, torí ó ń lọ sí Mẹ́kà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni kẹrin ni Dhahi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ ìyàwó. Matar bẹ̀rù Dhahi ju òkun lọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Dhahi ní ọmọbìnrin tirẹ̀ nílé tó fẹ́ fi fún ọkọ ìyàwó yìí, torí lọ́dọ̀ tiwọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lè fẹ́ra. Àmì burúkú kan péré ló ń wá, kó lè ní kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ Kulthum dúró.

Ohun tí Matar ṣe láàárọ̀ ni kò jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ sinmi.

Òun àti Rashud ti dé Khasab ní ìdájí, wọ́n ń dúró de Àáfà àti Dhahi. Omi òkun fà sẹ́yìn, ọkọ̀ jókòó sórí iyanrìn. Rashud ní òun ń lọ mu tíì. Matar wò yíká. Kò rí ẹnì kankan, àfi ewúrẹ́ kan tó ń jẹ páálí. Ó tún wò yíká. Lẹ́yìn náà ló fa agolo kan jáde lábẹ́ ìjókòó.

Ẹfun sísun tí wọ́n fi ọ̀rá pò ló wà nínú rẹ̀. Nígbà ayé bàbá rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń kun abẹ́ ọkọ̀ onípákó kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ọkọ̀ tó bá sì ń lọ gbé ẹni tó máa so yìgì, wọn kì í jẹ́ kó ṣí láìjẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ funfun. Ọkọ̀ Matar kì í ṣe pákó, fáíbà ni. Kò sí kòkòrò tó ń jẹ fáíbà. Matar mọ̀. Ṣùgbọ́n Dhahi ń bọ̀ nínú ọkọ̀ yẹn. Ó bá kùn ún.

Ó kun abẹ́ ọkọ̀ tán. Ó wo ẹsẹ̀ àwọn ẹ́ńjìnnì, ó ní ṣebí inú omi ni wọ́n ń wà, abẹ́ ọkọ̀ náà nìyẹn. Ó kùn wọ́n. Ó rí àwọn ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ẹsẹ̀ náà, bí eyín òòyà. Ó ní kòkòrò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀rá náà wọ̀ ọ́ pinpin. Ó tún fi díẹ̀ lé e. Nígbà tó kan ẹ́ńjìnnì ọwọ́ òsì, agolo ti ń tán, ìyẹn ò rí púpọ̀ gbà.

Àwọn ihò yẹn ni omi ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì. Matar mọ èyí náà. Ẹ̀rù ló jẹ́ kó gbàgbé. Wọ́n ti wà láàárín omi kó tó rántí.

Èyí tó burú jù tún wà. Ọ̀rá tó pò mọ́ ẹfun náà, ọ̀rá ewúrẹ́ tí Sabha ìyàwó rẹ̀ tọ́jú fún ìrẹsì ìgbéyàwó ni. Sabha ti wá a láti àná. Ó ti pe ológbò Muza, aládùúgbò wọn, ní olè. Ó ti pe Muza fúnra rẹ̀ ní ìyá olè. Matar dúró níbẹ̀ nígbà tó ń bú wọn. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀," Rashud ní. "Ìjàpá òkun mà ti kọjá wa."

"Jẹ́ẹ́jẹ́ ló dára."

"Ìrun Alásárì ò ní dúró dè wá o," Dhahi ní. "Àbí ẹ ò fẹ́ kí yìgì yìí ṣeé ṣe ni, Bàbá Ìyàwó?"

Matar tẹná mọ́ ọn. Ọkọ̀ gbérí. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí nǹkan kan ké *fííííííí* lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọ̀tún dín agbára ara rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, ọkọ̀ yà bàrà sọ́tùn-ún, abọ́ hálúwà, oúnjẹ dídùn tí wọ́n ń gbé lọ fún àwọn àlejò, sì yọ̀ lọ sí itan Àáfà.

"Kí nìyẹn?" Dhahi ní.

"Ó ń kí wa ni," Matar ní.

"Ẹ́ńjìnnì ń kí wa?"

"Kò kí ẹnikẹ́ni," Rashud pariwo. "Ó ń jóná! Ẹ pa á, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wò ó, kò tọ̀!"

Wọ́n pa á. Rashud fọwọ́ kan orí ẹ́ńjìnnì, ó yára fà á padà, ó ń fẹ́ ìka rẹ̀. Ó tẹ bọ́ọ̀lù rọ́bà tó ń fa epo wò, ó le dáadáa. Ó ní àwọn tó ta epo ti bu omi sí i. Ó gbọ́ òórùn epo, ó ní ó jọ pé wọn ò bu omi sí i. Ó ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò ìtọ̀, wáyà wọlé, ó jáde, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ìsàlẹ̀ ló ti di nígbà náà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí n wò ó."

"Má gbé e!"

Gbogbo wọn wo Matar.

"Èmi ni mo ni ọkọ̀. Èmi ni mo máa wò ó."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di ọwọ́ mi mú kí ẹ tó fẹsẹ̀ kan omi?"

Matar mú ṣíbí ńlá inú abọ́ hálúwà, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè, ó da àyà dé ìdí ọkọ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́ wọn lójú. Omi wà lábẹ́ ojú rẹ̀, ó dúdú, ó jìn. Ó di ojú. Ó ń fọwọ́ wá ihò. Ó ń fi ṣíbí ha á. Ọ̀rá ń jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kí lẹ rí?" Rashud ní.

"Ewéko òkun ni. Ó pọ̀."

Ó nu ọwọ́ mọ́ jàlàmíà rẹ̀. Funfun ni ọ̀rá náà, funfun ni jàlàmíà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n òórùn ò ní àwọ̀.

Dhahi gbé imú sókè. "Kí ló ń rùn bí òbúkọ?"

"Orí òkè ni," Matar ní. "Afẹ́fẹ́ ló gbé e wá."

Wọ́n gbójú sókè. Lóòótọ́, ewúrẹ́ kan wà lókè pátápátá, kò ju èèrà lọ lójú wọn.

"Ìyẹn ló rùn dé ibí?" Dhahi ní. "Ewúrẹ́ ńlá ni o."

Àáfà Hazza ń jẹ dàbínù. Ọwọ́ Matar ló ń wò.

Wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, wọ́n tún ṣíná rẹ̀. Ó tọ̀! Ó tọ̀ gbọọrọ bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin, Rashud sì pàtẹ́wọ́. Matar náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò tíì pa ẹnu dé tán tí èkejì fi ké *fííííííí.*

"Ọwọ́ òsì!" Rashud ní.

Dhahi dìde. Òun ló wá ń rẹ́rìn-ín báyìí. "Méjèèjì. Lọ́jọ́ kan. Lọ́jọ́ yìgì. Àáfà, ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ o. Òkun ò gbà á."

"Ẹ jókòó, kí òkun má baà gba ẹ̀yin," Rashud ní.

Matar ti tún da àyà dé ìdí ọkọ̀. Rashud di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìgbì òkun ń tì wọ́n lọ síbi àpáta, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń lu àpáta náà, ó ń ha, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó ń pe orúkọ Kulthum, kò mọ èyí tó pè jù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì òsì tọ̀, omi gbígbóná rẹ̀ tú sí i lójú. Kò bìkítà.

Wọ́n dé Kumzar bí Alásárì ṣe kù díẹ̀. Àwọn obìnrin ń ké ayọ̀ lórí òrùlé. Rashud gbé hálúwà àti ṣíbí rẹ̀ lọ ilé. Àwọn ọkùnrin jókòó sí yàrá, àwọn obìnrin wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Kulthum wà láàárín wọn. Matar rí ìka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà, tó kun làálì sí.

"Kí wọ́n tó so ó," Dhahi ní, "mo ní ọ̀rọ̀." Ó sọ ọ́. Ó sọ nípa igbe méjì, ó sọ nípa àpáta, ó fi tirẹ̀ kún un.

Àáfà yíjú sí Matar. "Bàbá Kulthum. Ṣé ohun òkun ni, àbí ohun ọwọ́ èèyàn? Bó bá jẹ́ ti òkun, ká dúró ká rò ó. Bó bá jẹ́ ọwọ́ èèyàn, kì í ṣe àmì. Àṣìṣe lásán ni."

Matar wo bàtà rẹ̀. Bàtà ò sí níbẹ̀, ó ti bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀.

"Èmi ni," ó ní. "Mo fi ẹfun àti ọ̀rá kun ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo dí ihò omi pa."

Rashud bú sẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀, gbogbo yàrá sì tẹ̀ lé e.

"Mo ti mọ̀ láti inú ọkọ̀," Àáfà ní. "Ọ̀rá ṣì wà nírùngbọ̀n rẹ. Ìwọ àti ọkọ ìyàwó, ẹ mú ọwọ́ wá." Ó sì so yìgì náà, níṣojú Dhahi, kí wọ́n tó pe ìrun.

Wọ́n gbé hálúwà kiri. Dhahi ló kọ́kọ́ bù ú. Ó ń jẹ ẹ́ lọ, ó dúró, ó ń fi ahọ́n wá nǹkan nínú ẹnu rẹ̀.

"Matar," ìyá rẹ̀ arúgbó pè é láti ẹ̀yìn aṣọ, "ọ̀rá wo lo lò? Ọ̀rá ẹja àkurákudà ni bàbá rẹ máa ń lò o."

"Ọ̀rá ewúrẹ́ ni, Màmá."

Ohùn Sabha ló wá jáde, jẹ́ẹ́jẹ́.

"Bàbá Kulthum. Ọ̀rá ewúrẹ́ wo?"

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ o!" Muza tó ni ológbò ní. "Ẹ jẹ́ kó tún un sọ, kí etí mi méjèèjì gbọ́ ọ!"

"Ó dára," Dhahi náà ní, ó ń wo ṣíbí, "kó sì sọ ohun tó wà nínú hálúwà yìí fún mi."

Gbogbo ojú wá sára Matar. Ó fa jàlàmíà rẹ̀ bo orúnkún. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo bó ṣe jìnnà sí òun tó.

"Èyí tí mo máa sọ lónìí, mo ti sọ ọ́ tán," ó ní. "Ẹ má bi mí mọ́. Mi ò sọ."