Ìró Òfì Màmá

Bísí àbúrò mi, gbé ìgbálẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, kí n sọ àlá tí mo lá kí n tó gbàgbé.

Mo tún lọ ṣe ìdánwò bọ́ọ̀lù òwú àwọn ará Japan yẹn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi òwú wé, tí wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí lára, ìdánwò tí mo ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kíláàsì tí a ti kàwé ní kékeré la wà. Ìyá àgbà ará Japan kan ló ń yẹ iṣẹ́ wò, Yorùbá ẹnu ẹ̀ sì dán ju tèmi lọ. Ó yí bọ́ọ̀lù mi síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ọnà abẹ́rẹ́ ẹ dáa. Kí lo fi ṣe inú ẹ̀?”

Mo ní, “Àkísà ni, mà.”

Ó ní, “Àkísà ta ni?”

Ló bá fa òwú. Òwú ń tú, kò tán. Ó kún kíláàsì dé orúnkún, ó mù wá dé ìbàdí, àfi bí ẹni tó dúró sínú odò. Nígbà tó tán, ìró òfì Màmá ló já bọ́, ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Màmá wa tó ti kú sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọn ò wọ nǹkan kan. Wọ́n ní, “Wúrà, òtútù ń mú mi.”

Ìyá àgbà yẹn lu òǹtẹ̀ sí ìwé ẹ̀rí mi, ó nà án sí Màmá pé kí wọ́n fi bora. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń fà á, kò dé èjìká.

Mo bá jí.

Bísí, ìró tí a wá títí lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, tí a torí ẹ̀ pe ìyàwó bùrọ̀dá wa lólè, èmi ni mo gé e.