Ìfẹ́ Ẹlẹ́ni Méjì Tí Wọ́n Ṣe Hàn Wá Ní Aké

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọlé. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà, gbé igbá rẹ wá síbí. Ìwé kejì ni mo kà dé, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ bá mi tún un ṣe. Ṣùgbọ́n bí orin bá dé, ẹ má tún un ṣe o, ẹ gbè é ni.

Eré ìfẹ́ kan tí a lọ wò ní Aké lọ́dún 1948 ni mo fẹ́ sọ, nígbà tí ohùn àwa obìnrin Ẹ̀gbá ṣì há nítorí orin tí a fi ń kọ owó orí. Mo ti rí eré burúkú láyé mi. Mo ti rí èyí tí Jósẹ́fù bọ́ sínú kànga tí kò lè jáde mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n lọ yá àkàbà. Ṣùgbọ́n eré tí mo ń wí yìí, òun ni olórí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Adébímpé, ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ló ń fẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúṣẹ̀yẹ, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ṣàpọ́n. Opó ni mí nígbà náà, àwọn ará ilé ọkọ mi sì ti fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà lé mi lọ́wọ́: ẹni tí mo bá gbà ni wọ́n gbà. Olúṣẹ̀yẹ mọ́ tónítóní, ó mọ̀ ọ́n kí, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dilẹ̀. Àmọ́ kò ní ẹnìkan. Ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ kú, àbúrò bàbá tó tọ́ ọ náà tún kú. Oṣù méje ló fi ń wá sílé wa ní Ìgbẹ̀in, òun nìkan bí ọ̀pá. Á dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá,” á dìde, á lọ. Kò rí ẹni rán.

Mo ti sọ ọ́ fún Adébímpé títí: “Ọ̀rọ̀ ìyàwó, ìdílé ló ń bá ìdílé sọ ọ́. Bí ìjà bá dé lọ́la, ta ni n óò lọ bá? Ṣé táyà kẹ̀kẹ́ ni n óò fẹjọ́ sùn?”

Ọmọ mi á máa sunkún, èmi á máa kọrin. Aláró ni mí. Bí mo bá ń ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró, orin ló ń bá mi tì í:

Ọkọ tí ò ní baba,
Ọkọ tí ò ní yèyé,
Bó bá nà ọ́ tán,
Ta lo ó sáré pè?

Ẹkún ni Adébímpé fi ń gbè é.

Lọ́jọ́ kan, Olúṣẹ̀yẹ wá, ó ní eré ìfẹ́ kan ń bọ̀ ní Aké lọ́jọ́ Sátidé, òun fẹ́ mú Adébímpé lọ wò ó. Ẹ gbọ́ o! Ọmọbìnrin tí a kò tíì tọrọ, kó tẹ̀ lé ọkùnrin lọ wo eré! Mo ní, “Ó dáa. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó jọ lọ.” Mo rí i tó fọwọ́ kan àpò rẹ̀, torí owó ènìyàn méjì ló tù jọ. Nínú ikùn mi lọ́hùn-ún, mo ti pinnu pé bí a bá ti ń bọ̀ láti ibẹ̀ ni n óò sọ fún un pé kó má yà sílé wa mọ́. Mo kàn fẹ́ wo eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó lé e ni.

Báyìí ni wọ́n ṣe ta ìjókòó: àga onírọ̀rí níwájú, ṣílè kan. Bẹ́ǹṣì, sísì. Bí o bá gbé àpótí tìrẹ wá láti ilé, toro. Bó bá jẹ́ ojú fèrèsé lo ti fẹ́ máa yọjú, kọ́bọ̀. Ṣílè kan ló wà lọ́wọ́ Olúṣẹ̀yẹ. Ó fi í ra bẹ́ǹṣì fún èmi àti Adébímpé, ó wá fọwọ́ wá gbogbo àpò rẹ̀, ó rí kọ́bọ̀ kan, ó bá bọ́ síta lọ dúró sí ojú fèrèsé.

Sìlífátù ọ̀rẹ́ mi, tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, ti gbé àpótí rẹ̀ wá, ó fi tì mí. Bó ṣe rí orí Olúṣẹ̀yẹ lójú fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá Adébímpé, àna rẹ ti di ológbò ojú fèrèsé!”

“Àna ta ni? Má fi mí pe àna ẹnikẹ́ni.”

“Ẹni tó ń jẹ oòrùn nítorí kí ìdí rẹ lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì.”

“Sìlífátù, ṣé eré lo wá wò àbí èmi?”

Yàrá ìkàwé ilé ìwé kan ni wọ́n ti ṣe é, kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá, torí wọn kò ní owó àtùpà gáàsì. Aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ta bí ìkélé, ibi tí áyọ́ọ̀nù ti jó o sì wà láàárín gbùngbùn, gbogbo wa ń wò ó. Dùùrù kò sí. Bí ó bá tó àsìkò tí dùùrù yẹ kó dún, ọkùnrin òṣèré náà á súfèé fúnra rẹ̀.

Bándélé ni wọ́n ń pè é, ìyàwó rẹ̀ sì ni Lydia. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti wá. Àwọn méjèèjì yìí náà ni gbogbo ẹgbẹ́.

Sìlífátù bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá wọn gbowó lẹ́nu ọ̀nà, “Àwọn yòókù dà?”

Ó ní, “Mà, eré ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ kò gbà ju ènìyàn méjì lọ.”

Mo ní, “Ẹni tó kọ eré yìí kò tíì gbéyàwó rí.”

Aṣọ ṣí. Lydia jókòó, ó ń wo àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí ilé ti ń jò. Bándélé wọlé, ó kun pọ́dà títí ojú rẹ̀ fi rí bí ojú iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Kò kí i. Kò ní ẹ kúulé, kò ní ẹ kú ìjókòó. Ó nawọ́ síta, ó ní, “Olùfẹ́ mi!”

Obìnrin náà, tó ń jẹ́ Rúùtù nínú eré, ní, “Dáníẹ́lì!”

Orúkọ ọkùnrin náà nínú eré nìyẹn, Dáníẹ́lì gbàgàdà, bí ẹni ń pe ajá rẹ̀ wálé wá jẹun.

Sìlífátù ní, “Ṣé àbúrò rẹ̀ ni?”

“Ọkọ tó fẹ́ fẹ́ ni.”

“Aúsùbíláì!”

Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, bí afọ́jú àti ẹni tó ń fà á. Ọkùnrin náà ní òṣùpá ni ojú obìnrin náà. Ó ní òdòdó ni ètè rẹ̀. Ó súfèé díẹ̀. Ó tún ní òdòdó ni ọrùn rẹ̀ náà. Mo ń retí kó bèèrè pé ọmọ ta ni, ilé wo ló ti wá, iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe. Rárá o. Òdòdó ló tún kàn.

Ló bá kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ọkùnrin ni o! Eékún kan ló kanlẹ̀, èkejì dúró bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Ó ní, “Fẹ́ mi, Rúùtù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ n óò kú síhìn-ín.”

“Kú ká rí i!” ni ẹnìkan wí láti ẹ̀yìn.

Ilé wó fún ẹ̀rín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo yíjú, mo rí Adébímpé tí omijé ń dà wọ̀ọ̀ lójú rẹ̀. Sí irú ìsọkúsọ yẹn! Inú bí mi débi pé mo ti dìde kí n tó mọ̀, orin sì ti bọ́ lẹ́nu mi:

Baba rẹ dà, Dáníẹ́lì?
Yèyé rẹ dà, Dáníẹ́lì?
A kì í feékún kan tọrọ ọmọ nílẹ̀ Ẹ̀gbá,
Padà sílé, lọ kó èèyàn rẹ wá!

Háà, wọ́n gbè é! Àwọn onítoro ń fẹsẹ̀ lulẹ̀, àwọn oníṣílè ń pàtẹ́wọ́. Bándélé wà lórí eékún rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dìde.

Ó ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, eré ni.”

“Mo mọ̀ pé eré ni. Ṣé wọn kì í bíni nínú eré ni? Ta ló bí ọ?”

Ó ronú. Ó ní, “Wọn kò kọ ìyẹn síbẹ̀, Mà.”

“Wọn kò kọ ọ́! Òdòdó ni wọ́n rí kọ!”

“Owó wa kò ká ènìyàn púpọ̀ ni, Ìyá. Àwa méjì yìí ni ó ká.”

Lydia kò lè mú un mọ́ra. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí rẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, òótọ́ ni Ìyá ń sọ. Nígbà tí ẹ̀yin fẹ́ tọrọ mi, ènìyàn mẹ́rìnlélógún lẹ kó wá, wọ́n sì jẹ ìrẹsì bàbá mi tán.”

Ẹ rí i? Ìgbà tí kì í ṣe eré mọ́, ó ti ń fi “ẹ̀yin” bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò pè é ní Dáníẹ́lì mọ́.

Bándélé náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku, ó ní, “Ó dáa, kí Ìyá yìí jẹ́ ìyá Rúùtù. Ta ni yóò ṣe ìdílé tèmi?” Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó ń súfèé fúnra rẹ̀ ṣe ìbátan? Kò sẹ́ni tó dìde.

Mo pàtẹ́wọ́, pà! “Ẹ ò rí i? Ọkùnrin tí kò ní ènìyàn, adùn ẹnu ni gbogbo ohun ìní rẹ̀. Mi ò ní fi ọmọ fún irú wọn. Nínú eré o, nílé o!” Mo fi agbára sọ “nílé” yẹn, mo sì kọjú sí fèrèsé gan-an, kí ẹni tó kàn má baà ní òun kò gbọ́.

Olúṣẹ̀yẹ gbọ́. Orí rẹ̀ wọlẹ̀ lójú fèrèsé, n kò rí i mọ́. Adébímpé fi ìborùn bojú.

Ìgbà náà ni ohùn kan dún láti ìta. “Ta ni kò ní ènìyàn?”

Láwàlì ni, arúgbó gbẹ́nàgbẹ́nà tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti ìsọ̀ Olúṣẹ̀yẹ ní Ṣàpọ́n. Ó ti gbá Olúṣẹ̀yẹ lọ́rùn ẹ̀wù mú, ó tún gbé orí ọmọ náà sókè.

“Ìyá Adébímpé, ẹ má bínú, kọ́bọ̀ ni mo san, àmọ́ mo lẹ́nu. Ọmọ tí ẹ ń fi eré bú yìí, ọdún mẹ́rin la ti jọ ń jẹun nínú àwo kan. Nígbà tí ẹsẹ̀ dùn mí, orí kẹ̀kẹ́ ló ń gbé mi sí lọ síbi iṣẹ́, lọ́jọ́ gbogbo, títí ó fi san. Ẹni tó bá ń wá bàbá rẹ̀, èmi rèé. Ìwọ Olúṣẹ̀yẹ, oṣù méje! Oṣù méje ni wọ́n fi ń bi ọ́ léèrè bàbá, o kò pè mí?”

Olúṣẹ̀yẹ ní, “Bàbá, Mùsùlùmí lẹ̀yin. Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n. Mo rò pé wọn kò ní gbà yín ní ìdílé mi.”

Àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí Sìlífátù lára. Ó gba orí àpótí rẹ̀ dìde. “Wọn kò ní gbà á? Ọlọ́gbọ́n ayé! Bi ìyá ìyàwó rẹ pé ta ló gbé Adébímpé lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ! Èmi Sìlífátù ni, àlùfáà ìjọ sì ń wò mí! Nílùú Ẹ̀gbá yìí, ilé wo ni Mùsùlùmí kò sí nínú ìbátan? Àṣìṣe rẹ yìí mà pọ̀ o, ọmọdé yìí!”

Ni àwọn oníkọ́bọ̀ yòókù tó wà lójú fèrèsé bá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

“Èmi lẹ̀gbọ́n rẹ̀!”

“Èmi làbúrò, òun ló ń bá mi lẹ táyà!”

“Ẹ wọlé, ẹ wọlé,” ni Bándélé ń pariwo, “ọ̀fẹ́ ni!”

Àwọn kan gba ẹnu ọ̀nà, àwọn kan fo fèrèsé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi nínú ẹfun ìkọ̀wé, ènìyàn mẹ́tàdínlógún. Bándélé gbàgbé ara rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ mọ́ wọn. Láwàlì ṣí fìlà, ó tẹríba, ó bẹ̀rẹ̀: “A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín…”

“Bàbá, mo bẹ̀ yín,” ni mo wí, “ẹ fi òdòdó sílẹ̀. Òdòdó ti tó wa lónìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. A wá tọrọ Adébímpé fún Olúṣẹ̀yẹ ọmọ wa. Bí ó bá ṣẹ̀ ẹ́, ìsọ̀ mi ni kí ẹ wá. N óò bá yín nà án.”

Kí ni n óò tún wí? Ohun tí mo fi orin bèèrè lójú gbogbo Aké, wọ́n ti fi ènìyàn dá mi lóhùn lójú gbogbo Aké. Mo kọjú sí Adébímpé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a máa ń bi ọmọ kí a tó gbà fún àwọn tó wá tọrọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bi í tó ti dáhùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo ní, “Ẹ dìde. Mo ti gbọ́, mo sì gbà. Bàbá Láwàlì, ẹ kó wọn wá sí Ìgbẹ̀in lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, kí àwọn ará ilé ọkọ mi fojú rí yín.” Orin sì tún bọ́:

Ẹ wá wo baba ọmọ,
Ẹ wá wo ẹ̀gbọ́n ọmọ,
Àwọn tó sanwó kọ́bọ̀
Ló gbé ìyàwó lọ!

Bándélé wá yọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní ṣé kí àwọn máa bá eré lọ. Sìlífátù ló dá a lóhùn: “Èwo nínú rẹ̀? Kí o tún lọ kúnlẹ̀? Lọ nu pọ́dà ojú rẹ.” Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá Rúùtù fẹ́ Dáníẹ́lì, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ìfẹ́ ẹlẹ́ni méjì! Ta ni yóò là wọ́n níjà? Ta ni yóò bá wọn pọn ọmọ?

Àmọ́ a kì í jẹ́ kí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ lọ lọ́wọ́ òfo àti inú òfo. Sìlífátù tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó ra gbogbo ọ̀lẹ̀lẹ̀ àti ẹ̀kọ tó wà lórí obìnrin kan tó ń kiri kọjá. Láwàlì ránṣẹ́ sílé, wọ́n gbé ìrẹsì Ọ̀fadà àti ẹran dé nínú ìkòkò dúdú ńlá kan. Àwọn oníkọ́bọ̀ jókòó sórí àga onírọ̀rí, àwọn oníṣílè dúró, wọ́n ń bù jẹ, kò sẹ́ni tó ráhùn. Lydia jẹ, ó ń bá mi kọrin. Bándélé jẹ, kò ráyè sọ̀rọ̀. Olúṣẹ̀yẹ bu oúnjẹ fún Láwàlì, ó bu fún mi, ó bu fún Adébímpé, kó tó wá bu tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ṣì kù díẹ̀ lójú ọ̀run nígbà tí a nu ọwọ́, tí a kí ara wa pé ó dìgbà. Àwọn ará Ṣàpọ́n gba ọ̀nà Ṣàpọ́n, àwa gba ọ̀nà Ìgbẹ̀in, olúkúlùkù yó, inú olúkúlùkù sì dùn dé ilé.