Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Àbá Òfin Wa

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Inú máa ń tètè bí mi, ẹnu mi sì máa ń yá. Gbogbo àdúgbò Ungwan Dosa ló mọ èmi Àlájà Nímọ́tà bẹ́ẹ̀.

Adití ni Zakiyyah ọmọ mi, ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó lóyún, inú ń run ún, ó dá lọ sílé ìwòsàn. Ó ń fọwọ́ ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó yé. Kí n tó débẹ̀, oyún ti bàjẹ́. Látìgbà náà làwa òbí àwọn adití ti ń yọ Onọ́rébù Waliyullah, aṣojú wa nílé aṣòfin l'Ábújá, lẹ́nu, títí ó fi gbé àbá òfin wá pé kí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ní ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́. Wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n sì fi í sí Àlàmísì, ọjọ́ tí ìjókòó wọn máa parí pátápátá. Àbá tí wọn ò bá kà tán nígbà náà ti kú nìyẹn. Zakiyyah sì tún ti lóyún, oṣù márùn-ún.

Àfi bí bàbá mi ṣe kú lọ́jọ́ Àtìní. A sin wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbogbo ayé wá kí wa, àfi Onọ́rébù. Ní Kaduna wa yìí, ẹni tí kò bá wá ṣe gaisuwa, kó wá kí ọlọ́fọ̀, kí wọ́n tó ká ẹní àdúà ọjọ́ kẹta, ọ̀tá ni. Mo pè é.

"Ṣé ìgbà ìbò nìkan lẹ mọ̀nà ilé wa ni?"

"Haba, Àlájà! Mo ní kí n parí ọ̀rọ̀ àbá wa ná ni."

"Àlàmísì kọ́ ni? Ẹ wá lọ́jọ́ Àlàrùba!"

Ó wá lóòótọ́. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ ló bọ́ bàtà, tó jókòó lórí ẹní, tó ṣe àdúà fún bàbá mi. Orí mi wú. Mo ń wo ojú àwọn aládùúgbò bóyá wọ́n rí i.

Fóònù rẹ̀ dún. Ayọ̀kúnmi ni, akọ̀wé rẹ̀ l'Ábújá. Bó ṣe ń gbọ́ ọ ni ojú rẹ̀ ń yí padà.

"Àlájà, wọ́n ti yí ètò padà láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ìdágbére nìkan ni tọ̀la. Òní ni wọ́n máa ka gbogbo àbá tó kù. Ìkẹfà ni tiwa. Wọ́n ti wà lórí ìkejì."

Mo mọ òfin wọn. Ẹni tó gbé àbá wá, tàbí ẹni tí wọ́n jọ fọwọ́ sí i, gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá pè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fò ó. Ọ̀nà Ábújá sì ju wákàtí méjì lọ. Onọ́rébù pe Onọ́rébù Aaron tí wọ́n jọ fọwọ́ sí i, kò gbé e. Ó pè é lẹ́ẹ̀méje. Ayọ̀kúnmi sáré wá a nínú ilé aṣòfin, ó ní ìjókòó rẹ̀ ṣófo, wọ́n ní ó lọ jẹun.

"Jẹ kí ni?" Mo pariwo, mo gbàgbé pé ilé ọ̀fọ̀ ni mo wà.

Ayọ̀kúnmi ń pè léraléra: wọ́n ka ìkẹta. Ìkẹrin ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìkarùn-ún dìjà, wọ́n ń bára wọn fà á, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun pé kí wọ́n máa jà á lọ, kí wọ́n jà á di ìrọ̀lẹ́, kí Aaron ṣáà jẹun tán. Mo ka súrà Kuliya títí mi ò mọ iye rẹ̀ mọ́.

Fóònù tún dún, Ayọ̀kúnmi ni. "Wọ́n pe orúkọ yín lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá. Wọ́n ti fò ó."

Onọ́rébù gbé fóònù sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Àlájà," ló ń sọ fún mi. Èmi ni ó ń bẹ̀! Ìtìjú mú mi débi pé mi ò lè gbójú sókè.

Ibẹ̀ ni Zakiyyah ti jáde. Ó rí fóònù, ó wo ojú wa, ó fọwọ́ bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pe àbá wa?"

Mo fọwọ́ dá a lóhùn pé wọ́n ti pè é. Kí n tó sọ èyí tó kù, ó ti rẹ́rìn-ín, ó ti kúnlẹ̀ toyún-toyún síwájú Onọ́rébù, ó ń dúpẹ́.

Mo gbé e dìde. Ó yíjú sí mi, ó tún fẹ́ bèèrè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú gírígírí, kó má baà lè bi mí ní nǹkan kan mọ́.