Ẹ̀yìnkùlé Lákọ̀ọ́kọ́

Mo ti pẹ́ ní Lyon, nílẹ̀ Faransé. Mo ṣiṣẹ́ tíṣà níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé, òórùn òdòdó igi kajú Manigri, ìlú wa ní orílẹ̀-èdè Benin, ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igi yẹn ni òyìnbó kan ti fi ìyá mi ṣe ẹlẹ́yà.

Mo kéré nígbà náà. Garrel lorúkọ ọkùnrin náà, ọ̀dọ́ ni, ó wọ ọkọ̀ wá láti Bassila. Ó ní òun fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ronú bó bá wà láàárín àwọn ẹlòmíì. Ó kó àwọn ará àdúgbò jọ, ó gbé iṣu méjì sílẹ̀, ọ̀kan gùn, èkejì kúrú, afọ́jú pàápàá á fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ti fa bàbá mi, Yacoubou, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tẹ́lẹ̀ pé kó bá òun purọ́ díẹ̀. Àlejò ló bẹ̀ ẹ́, bàbá sì gbà.

"Èwo ló gùn jù?"

Bàbá nawọ́ sí èyí tó kúrú. Ni gbogbo àwọn tó kù bá ń nawọ́ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ìyá mi, Àsùmáù. Garrel kọ ọ́ sílẹ̀, ó ya fọ́tò ìyá mi, ó wọkọ̀, ó kọrí sí Pénéssoulou.

Eruku ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ tí ìyá mi fi pe bàbá sẹ́yìnkùlé.

"Bàbá Mouniratou, kí ló ṣe ojú yín? Ẹ ò mọ iṣu mọ́ ni?"

"Àlejò ló ní kí n sọ bẹ́ẹ̀."

"Bó bá ní kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ ní tútù ńkọ́? Ẹ tún un ṣe lọ́la o! Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lóko."

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹnì kankan ò ní já àgbà nírọ́ níwájú àlejò. Ẹ̀yìnkùlé la ti máa bá a wí, kó lè fẹnu ara rẹ̀ tún un ṣe níta bí ilẹ̀ bá mọ́. Bí kò bá wá tún un ṣe, ẹni tó bá wù ú lè dìde sọ ọ́ ní gbangba. Bàbá mi tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo àdúgbò sì rẹ́rìn-ín. Garrel ti lọ ní tirẹ̀.

Ìwé tó kọ ló sọ ọ́ di ńlá. Ó ní ojú olórí wa la fi ń ríran. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn bẹ́ẹ̀, àwọn yẹn náà kọ́ tiwọn. Nígbà tí àwọn kan tó ti ka ìwé náà wá gbin kajú sí i ní Manigri, àwọn bàbá àgbà nìkan ni wọ́n bi. Ìwé ti sọ pé àwọn yòókù á tẹ̀ lé wọn, àbí? Orí ilẹ̀ iṣu ìyá mi ni wọ́n gbin ín sí. Ìyá mi kú pẹ̀lú ìbínú yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Marwa, ọmọ ọmọ mi, mú ìwé náà wálé láti yunifásítì. "Màmá àgbà, obìnrin yìí mà jọ yín!" Mo wo fọ́tò náà: ìyá mi ni. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé: obìnrin tó rí òtítọ́ tó sì gbé e sọnù.

Ara mi gbóná. Yunifásítì náà fẹ́ fi ọjọ́ méjì yẹ́ Garrel sí. Mo ní ká lọ.

Nínú gbọ̀ngàn, ọ̀gá kan yìn ín, gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ sì ń sọ ohun kan náà. Àwọn náà nìyẹn o, àwọn tó ní ojú tiwọn!

"Màmá, ẹ dìde," Marwa sọ sí mi létí.

"Rárá. Ẹ̀yìnkùlé lákọ̀ọ́kọ́."

Níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo ti bá Garrel. Ó ti di arúgbó.

"Bàbá, ẹ káàsán. Mouniratou ni mí, ọmọ Àsùmáù ti Manigri." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, ìtàn yín dùn. Àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Àwọn èèyàn ti kọ́lé lé ìwé yẹn lórí."

"Wọ́n ti gbin igi lé ilẹ̀ ìyá mi náà lórí. Ẹ ó sọ̀rọ̀ lọ́la, bàbá. Ẹ fẹnu ara yín tún un ṣe."

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó síwájú, mo ń retí rẹ̀. Ó tún ìtàn iṣu yẹn sọ bó ṣe máa ń sọ ọ́. Fọ́tò ìyá mi yọ lára ògiri, ó nawọ́ sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. Ọmọbìnrin tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ sọ pé àkókò ti lọ, àwọn èèyàn sì ti ń dìde. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àsùmáù lorúkọ obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń fi rẹ́rìn-ín yẹn," mo ní. "Ẹ jókòó. Mo ti sọ ọ́ fún bàbá yìí lẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ sì ti mọ́."