Oríkì tí Àsúmáù Gbé Mì

Láti ìgbà tí Nusaybah ti lè kúnlẹ̀ ni ó ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ní àràárọ̀, ní ọ̀nà tóóró tí ó wà láàrin ilé ìdáná àti yàrá, nínú ilé wọn ní Peckham, ní London. Àsúmáù, ìyá rẹ̀, kì í fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Yóò kọ́kọ́ pè é ní Àwẹ̀ró, yóò sì fi oríkì ìdílé wọn ní Ọ̀fà tẹ̀ lé e, ní ohùn tí ó máa ń la ògiri kọjá dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò. Ọmọ náà kì í dìde títí oríkì yóò fi parí. Bí a ti tọ́ ọ nìyẹn.

Gọ́ọ̀fù ni ó dá oríkì náà dúró. Ilé-ìwé ni Nusaybah ti kọ́kọ́ di igi gọ́ọ̀fù mú, kò sì pẹ́ tí Agnes, obìnrin tí ó ń kọ́ wọn, fi sọ pé òun kò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí Àsúmáù kọ́kọ́ lọ wò ó níbi ìdíje. Ó rí i tí ọmọ náà gbé igi sókè, tí gbogbo ènìyàn sì pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà bí i nínú. Ta ni í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dá kojú iṣẹ́ líle láìsí ẹni tí yóò kì í?

Ó bá ké tòò: "Àwẹ̀ró o!"

Igi ṣìnà lọ́wọ́ ọmọ náà, bọ́ọ̀lù sì rì sínú adágún omi. Ọkùnrin kan tí ó gbé pátákó lọ́wọ́, èyí tí a kọ ọ́ sí pé kí àwọn ènìyàn dákẹ́, wá sin Àsúmáù jáde kúrò ní pápá.

Oyèníran, tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ wọn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

"Ìyá Nusaybah, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹnu yín gbá bọ́ọ̀lù jìnnà ju igi ọmọ yín lọ?"

"Ẹ wá nǹkan ṣe, Bọ̀dá Oyèníran."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò ti inú wá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ohun tí ó sọ kò ju "Káàárọ̀, dìde" lọ.

Ó rí bẹ́ẹ̀ títí Nusaybah fi pé ọdún méjìdínlógún, tí ó sì di ẹni tí ń fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́ oòjọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ń kọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré tọ̀ ọ́ kí ó fọwọ́ sí fìlà wọn. Síbẹ̀, ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì ilẹ̀ òkèèrè, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, orúnkún rẹ̀ a fẹ́ tẹ̀, a sì rántí pé kò sí ẹni tí òun yóò kúnlẹ̀ fún.

"Mummy, ẹ pè mí bí ẹ ti máa ń pè mí," ni ó ń bẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹnu yìí ni ó gbé bọ́ọ̀lù rẹ sómi. Bọ́ọ̀sì mi ti dé, mo ń lọ sí ibi iṣẹ́."

Nígbà tí ìdíje kan wá bọ́ sí ìtòsí London, Nusaybah bẹ ìyá rẹ̀ títí ó fi gbà láti wá. Àsúmáù dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú ìbòrí funfun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu láti ihò àkọ́kọ́ dé ihò ìkẹyìn. Níbẹ̀, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó kù láti gbá sínú ihò. Bí ó bá wọlé, a ó máa pe Nusaybah sí àwọn ìdíje ńlá ní ọdún tí ń bọ̀. Bí kò bá wọlé, yóò padà sí àwọn kékeré.

Bọ́ọ̀lù yí gbirigbiri, ó sì wọlé. Gbogbo pápá hó yèè. Agnes, tí ń gbé àpò igi rẹ̀, fò sókè bí ọmọdé.

Nusaybah kò fò. Ó ń fi etí wá ohùn kan nínú ariwo náà. Àsúmáù ti mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì ń fi orí ìka pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin òyìnbó tí ó dúró tì í.

Ọmọ náà fi igi sílẹ̀, ó rìn dé ibi okùn, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Nusaybah, ọjọ́ ti rọ̀. Dìde, àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Olórí kunkun! Koríko yóò ba ṣòkòtò rẹ jẹ́."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

Agnes rò pé orúnkún ni ó ń dùn ún, ó ń sáré bọ̀. Àsúmáù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọkùnrin kan tí ó gbé pátákó dúró nítòsí, ṣùgbọ́n ó ti sọ pátákó náà kalẹ̀. Nígbà náà ni ìyá bẹ̀rẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi kan etí ọmọ.

"Àwẹ̀ró," ni ó wí, ní ohùn tí kò lè la aṣọ ìkélé kọjá, áḿbọ̀sì ògiri.

Nusaybah kò dìde. Ó ń retí oríkì ti Ọ̀fà.