Òkè Gba Kámẹ́rà Lọ́wọ́ Mi

Ìyá Tọ́lá, jókòó kí n sọ àlá tí mo lá. Àwa ẹgbẹ́ ayafọ́tò lọ sí ìdí Òkè Olúmọ. Nígbà tó kan fọ́tò tí gbogbo wa máa jọ yà, èmi náà ni wọ́n ní kí n yà á. Ìdí nìyẹn tí o kì í fi í rí mi nínú fọ́tò ẹgbẹ́ kankan. Ni òkè bá dìde, ó gbọn eruku ìdí rẹ̀ nù, ó gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, ó gbé e kọ́rùn, ó di ojú kan. Ó ní, "Ìwọ náà, lọ dúró láàárín wọn." Alága wa sún fún mi. Òkè ní kí n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, mo gbé e. Ó ka ení, ó ka èjì, mo ti ń rẹ́rìn-ín, ni o bá jí mi pé omi ìwẹ̀ ti gbóná.