Táìmù Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ní abúlé wa, Ọjọ́ Ẹtì Rere nìkan là ń já ewé táìmù tí a ó fi ṣe oògùn jálẹ̀ ọdún. Èyí tí a bá já lọ́jọ́ tí Jésù kú, kòkòrò kì í jẹ ẹ́, ikọ́ kì í sì í dúró níwájú rẹ̀. Èyí tí a bá já lọ́jọ́ mìíràn, ká fi se ẹran lásán ni.

Lọ́dún yẹn, mo gbé agbọ̀n, mo dojú kọ òkè. Bí mo ṣe rí Eudald, àfẹ́sọ́nà mi, tó ń bọ̀ lọ́nà, mo sáré ti agbọ̀n òfìfo bọ inú igbó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Remei, ṣé o ti já táìmù ilé wa?"

"Láti àárọ̀," ni mo dáhùn, kí ó má baà ní kí n máa lọ.

Abẹ́ igi páìnì la jókòó sí títí oòrùn fi wọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé Àjíǹde ni mo yọ́ lọ já a.

Nígbà tí òtútù dé, eruku ilé-iṣẹ́ òwú tó ti ń ṣiṣẹ́ ti jẹ àyà Eudald. Àràárọ̀ ni mo ń se ọbẹ̀ táìmù fún un: búrẹ́dì gbígbẹ, òróró ólífì, ẹyin kan tí mo fọ́ sínú omi táìmù tó ń hó. Dókítà ní kí a gbé e lọ sílé ìwòsàn ìlú kíákíá. Eudald kọ̀.

"Dókítà yẹn, tójú ẹ̀ rí bí ẹni gbé ọtí kíkan mì! Táìmù Ẹtì Rere ni ìyá mi fi tọ́ ọmọ méje. Èwo ló kú nínú wa?"

"Kò tíì sí," ni Tecla, ìyá rẹ̀, dáhùn nídìí iná. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo lórí kunkun jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín di ikọ́, ẹ̀jẹ̀ sì hàn lára áńkáṣífì.

"Gbé ọbẹ̀ mi wá, olólùfẹ́. Ọwọ́ ẹ ni ìwòsàn mi wà."

Ọkàn mi fà ya. Bí mo bá dákẹ́, yóò fẹ́ràn mi títí yóò fi kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó lè yè, kí ó má sì fẹ́ mi mọ́.

"Eudald, táìmù yìí kì í ṣe ti Ẹtì Rere. Irọ́ ni mo pa fún ẹ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo já a."

Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Láti oṣù méjì yìí? Ewé ẹran lo ń fún mi mu, témi ń lé dókítà?"

"Mo fẹ́ràn ẹ ni..."

"Ìyá, ẹ bá mi mú kóòtù mi wá."

Mo fẹ́ bá a de bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ti ọwọ́ mi dànù.

"Má fọwọ́ kàn mí."

Mo sáré tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tó gbé òun àti ìyá rẹ̀ títí dé orí afárá. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá Tecla nìkan ló padà dé, kóòtù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní ká ní a tètè gbé e dé ni, kì bá tí kú."

Mo di yẹ̀rì rẹ̀ mú. "Màmá, ṣé ó dárúkọ mi?"

Ó rọra tú ọwọ́ mi kúrò lára yẹ̀rì rẹ̀.

"Remei, ọmọ mi, má bi mí ní ìyẹn mọ́ láéláé."